Fídíò kámẹ́rà fóònù nínú Python, àti 25,000 sẹ́fà tí kò yẹ kó kúrò lápò mi

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí owó tí mo ná sí ọ̀rọ̀ yìí ò yẹ kó jáde rárá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé wa ní Kétu, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń wọ ọgbà yẹn lóru, fóònù Android àtijọ́ kan sì wà nílẹ̀, ṣebí kámẹ́rà nìyẹn náà.

App kan tó ń jẹ́ IP Webcam, tó ń sọ fóònù di kámẹ́rà, ni mo gbé sórí fóònù yẹn, ẹ tẹ Start server, á fún yín ní àdírẹ́sì kan bíi http://192.168.1.5:8080, ẹ fi /video sídìí ẹ̀, ẹ gbé e fún cv2.VideoCapture, ìyẹn ohun tí OpenCV fi ń ka fídíò nínú Python, ó parí. Ìyẹn ò le.

Ibi tó ti le ni pé àwòrán ń pẹ́. Màá ju ọwọ́ síwájú fóònù, kọ̀ǹpútà ò ní tíì rí i, bó sì ṣe ń pẹ́ lórí iṣẹ́ ló ń burú sí i, adìẹ á ti jẹun tán á ti kúrò níbẹ̀, lójú kọ̀ǹpútà ó ṣì ń jẹun ni. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta nǹkan Wi-Fi ní Àjàṣẹ́, kò tiẹ̀ wò ó, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ò lágbára, kí n ra bọ́kísì tuntun àti forfait ńlá. Mo rà á, nǹkan kan ò yí padà! Fídíò yìí ò tiẹ̀ dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, inú Wi-Fi ilé ló ń gbà láti fóònù bọ́ sí kọ̀ǹpútà, kódà bí forfait bá tán ó máa ṣiṣẹ́, kí ló wá kan forfait ńlá?

Ohun tó là mí lójú ni pé mo ṣí àdírẹ́sì kan náà nínú Chrome, kò pẹ́ rárá. Á jẹ́ pé inú script, ìyẹn kóòdù Python tí mo kọ, ni wàhálà wà. Fóònù lè rán àwòrán bíi 30 wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, script tó ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá nǹkan rìn ò lè bá a sáré, àwọn tó kù á wá tò sẹ́yìn ara wọn bí èrò nídìí ẹ̀rọ omi, èyí tó ti pẹ́ jù ni read() sì máa ń kọ́kọ́ gbé fúnni. Mo fi CAP_PROP_BUFFERSIZE, ìyẹn iye àwòrán tó lè tò sílẹ̀, sí 1, kò gbọ́, torí kì í ṣe gbogbo backend, ìyẹn ẹ̀rọ abẹ́lẹ̀ tí OpenCV fi ń gba fídíò, ló mọ̀ ọ́n. Èyí ló ṣe é, inú mi sì dùn gan-an:

import cv2, threading
cap = cv2.VideoCapture("http://192.168.1.5:8080/video")
tuntun = None
def ka():
    global tuntun
    while True:
        ok, f = cap.read()
        if ok:
            tuntun = f
threading.Thread(target=ka, daemon=True).start()

Thread yẹn, ìyẹn iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyókù script, ń kà á láìdúró, iṣẹ́ yòókù ń mú tuntun nìkan, ìyẹn àwòrán tó dé gbẹ̀yìn, kò sì pẹ́ mọ́. Tí Wi-Fi bá já, ẹ tún cap ṣí, torí kì í padà wá fúnra ẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń falẹ̀, /shot.jpg ni kí ẹ máa bèèrè dípò /video, àwòrán ìsinsìnyí kan ṣoṣo ló máa fún yín, tí mo bá tún fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì fi password sí app yẹn o, ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí Wi-Fi yín lè ṣí àdírẹ́sì yẹn kó máa wo ilé yín.