Bí Wọ́n Ṣe Ń Gba Àṣẹ Ìgbà Díẹ̀ Láti Gbé Sátẹ́láìtì Tẹlifíṣọ̀n Lọ Sí Àyè Míì

Iṣẹ́ díìṣì ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́ níbí, Òkè Ìjẹ̀bú ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí sí Ìjàpọ̀, wọ́n ní gbogbo channel ti lọ, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ló lọ gbá díìṣì. Mo gun òrùlé, mo wò ó títí, ojú lásán ò fẹ́ẹ̀ rí i pé ó yẹ̀. Díìṣì oní 90 cm ni, tírú ẹ̀ bá fi digíríì méjì péré yí, etí ẹ̀ ò sún tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ìbú ìka kan náà nìyẹn, síbẹ̀ àwòrán ti lọ pátápátá.

Ẹ wá rò ó pé díìṣì ò yẹ̀ o, sátẹ́láìtì fúnra ẹ̀ ló kúrò níbi tó wà. Lókè lọ́hùn-ún, digíríì kan ṣoṣo jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 735, ìyẹn ju àlọ àti àbọ̀ Àkúrẹ́ sí Èkó lọ. Ta ló ń fún wọn láṣẹ kí wọ́n tó gbé e? Ìbéèrè yẹn ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà lóru, torí FCC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ wọn máa ń gbé lẹ́tà táwọn iléeṣẹ́ bá kọ síta, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń kàwé ní FUTA, ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ́yà tẹ́ẹ ń wá iṣẹ́ tẹ́ẹ lè fi kọ̀ǹpútà ṣe látilé, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí iṣẹ́ gidi ni, èèyàn ló dẹ̀ ń kọ àwọn lẹ́tà yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni àyè

Sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n wà ní 35,786 kìlómítà lókè, lórí ìlà tó pín ayé sí méjì, bí ayé ṣe ń yí lòun náà ń yí, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ojú kan ló dúró sí. Kì í ṣe ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni ín. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ló ní ìwé tí wọ́n fi pín àyè àti frequency (nọ́ńbà ìgbì tí sátẹ́láìtì ń lò) fáwọn orílẹ̀-èdè. Fún sátẹ́láìtì tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé tààrà, Appendix 30 àti 30A ni ìwé ọ̀hún, wọ́n ṣe ti apá tiwa àti Yúróòpù ní 1977, wọ́n ṣe ti gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àríwá àti gúúsù, ní 1983. Àyè mẹ́jọ ni wọ́n fún orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà: digíríì 61.5, 101, 110, 119, 148, 157, 166 àti 175, gbogbo ẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn.

Torí náà kẹ́ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ béèrè pé àyè tí sátẹ́láìtì ń lọ yìí, orúkọ orílẹ̀-èdè wo ló wà nídìí ẹ̀ ní ITU? Tó bá jẹ́ ti Kánádà tàbí Mẹ́síkò, àṣẹ FCC nìkan ò tó, ẹ ní láti gbàwé lọ́wọ́ àwọn yẹn náà kẹ́ẹ sì so ó mọ́ lẹ́tà. Mo ti rí ìwé táwọn tó kọ ọ́ sáré gba ibí yìí kọjá, gbogbo ìbéèrè tí FCC wá dá padà, orí ẹ̀ ló dá lé.

Ẹ wá ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Àṣẹ ìgbà díẹ̀ yìí, Special Temporary Authority lorúkọ tí wọ́n ń pè é, STA ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó wà nínú Part 25 òfin wọn, abala 25.120. Ẹ lọ ka abala yẹn fúnra yín, kò gùn. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé wọ́n sọ ọ́ gbangba pé ìrọ̀rùn oníbèéèrè kì í ṣe ìdí. Tẹ́ẹ bá ní ọjà lẹ fẹ́ tà, tàbí pé ẹ ti ṣèlérí ọjọ́ fún kọ́sítọ́mà, wọn ò ní kà á sí. Nǹkan pàjáwìrì tó ju agbára lọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kó dẹ̀ hàn nínú ẹ̀ pé ará ìlú ló máa jàǹfààní.

Ẹ wo Spaceway-1, sátẹ́láìtì DIRECTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà. 2005 ni wọ́n ti gbé e lọ sókè. Ní December 2019 bátìrì ẹ̀ bàjẹ́ débi pé àwọn tó kọ́ ọ sọ pé tí wọ́n bá fi lè lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lè bẹ́. Bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni òjìji ayé máa ń bo irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀, oòrùn ò ní dé ara ẹ̀, bátìrì lá máa lò. Ìgbà òjìji tó kàn ń bọ̀ ní February 25, 2020. Iléeṣẹ́ náà sáré kọ̀wé ní January pé kí wọ́n jẹ́ káwọn gbé e kúrò lọ́nà, lọ sí nǹkan bíi kìlómítà 300 sókè ipò ẹ̀, àní wọ́n sọ pé kò ní sáyè láti da gbogbo epo inú ẹ̀ nù bí òfin ṣe wí. FCC gbà fún wọn. Ọjọ́ wà nínú lẹ́tà yẹn, ewu wà níbẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọn ò bá gbà á wà níbẹ̀. Bó ṣe yẹ kí ìdí rí nìyẹn.

Ìdí míì tí wọ́n máa ń gbà ni pé sátẹ́láìtì kan kú lójijì tí àwọn èèyàn ò rí tẹlifíṣọ̀n wò mọ́, wọ́n fẹ́ gbé èyí tó wà ní ìpamọ́ lọ rọ́pò ẹ̀.

Ẹ jókòó ti àwọn ẹnjiníà, kẹ́ẹ ya ìrìn àjò náà

Ibí yìí lẹ ti máa lo àkókò yín jù, ẹ má kánjú.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ rèé. Tí wọ́n bá fẹ́ kó lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, wọ́n á fi epo tì í sókè díẹ̀. Tó bá ti ga ju ipò ẹ̀ lọ, ìyípo ẹ̀ á gùn sí i, á máa falẹ̀, ayé á máa ṣíwájú ẹ̀ lábẹ́, òun á dẹ̀ máa fà sẹ́yìn sí ìwọ̀ oòrùn. Sí ìlà oòrùn ńkọ́? Wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e ga sókè ní nǹkan bíi kìlómítà 78, á máa rin digíríì kan lójúmọ́. Ká ní digíríì 10 ló fẹ́ rìn, ọjọ́ 10 nìyẹn, tí wọ́n bá dẹ̀ gbé e ga ní ìdajì ìyẹn, ogún ọjọ́ ni, ṣùgbọ́n epo tó máa jẹ á dín kù. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú lẹ́tà: ibi tó ti gbéra, ọjọ́ tó máa gbéra, gíga tó máa wà, iye digíríì lójúmọ́, ibi tó máa dúró sí, àti bí wọ́n ṣe máa dì í mú níbẹ̀ kó má yẹ̀ ju 0.05 digíríì lọ sápá ọ̀tún tàbí òsì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka orúkọ gbogbo sátẹ́láìtì tó máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ pe àwọn tó ni wọ́n. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn aládùúgbò yìí kì í ṣe ìkọlura nìkan, ìgbì ni. Ní April 2010, Galaxy 15 tó wà ní 133 ìwọ̀ oòrùn dákẹ́, kò gbọ́ àṣẹ mọ́, àmọ́ ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ẹ̀ ò kú, ó ń fà lọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìgbì ẹ̀ títan, àwọn tó ní sátẹ́láìtì lọ́nà ń yà fún un kiri fún oṣù mélòó kan, December ọdún yẹn ni bátìrì ẹ̀ tó tán tó fi padà bọ̀ sípò. Àwọn tó ń ka lẹ́tà yín ní FCC ò tíì gbàgbé.

Torí náà ọ̀rọ̀ kan ò gbọ́dọ̀ ṣàìsí nínú lẹ́tà yín: títí sátẹ́láìtì á fi débi tó ń lọ, ẹ̀rọ tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n á wà ní pípa, ìgbì tí wọ́n fi ń darí ẹ̀ tí wọ́n sì fi ń gbọ́ ìròyìn ara ẹ̀ nìkan lẹ máa lò, ìyẹn TT&C. Ẹ dárúkọ frequency ọ̀hún gan-an. Èyí tó bá di pé ó débẹ̀, 12.2 sí 12.7 GHz ni ti tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, 17.3 sí 17.8 GHz ni ti èyí tó ń gòkè, ẹ béèrè fún ìyẹn lọ́tọ̀. Gbígbé e lọ jẹ́ àṣẹ kan, lílò ó níbẹ̀ jẹ́ òmíràn, èèyàn púpọ̀ ló ń rò pé ọ̀kan náà ni.

Ẹ ṣírò epo dáadáa. Ìrìn àjò ń jẹ epo nígbà tó bá ń gbéra, ó tún ń jẹ ẹ́ nígbà tó bá ń dúró, èyí tí wọ́n máa fi gbé e lọ sí ibojì òkè, ìyẹn òkè tí wọ́n ń gbé sátẹ́láìtì tó ti parí iṣẹ́ lọ, lọ́jọ́ ikẹyìn gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù síbẹ̀. DISH, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n míì ní Amẹ́ríkà, ti jẹ̀ka àbámọ̀ lórí eléyìí. Wọ́n ti sọ ní 2012 pé EchoStar-7, sátẹ́láìtì wọn kan, máa lọ sí kìlómítà 300 sókè ipò ẹ̀, nígbà tó di 2022 epo ò tó mọ́, ibi tó débẹ̀ ò ju nǹkan bíi 122 lọ. Ní October 2023 wọ́n san $150,000, òun dẹ̀ ni owó ìtanràn àkọ́kọ́ tí FCC gbà lórí pàǹtírí ojú òfurufú.

Lẹ́tà gan-an

Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ sọ rèé. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́: ta lẹ jẹ́, sátẹ́láìtì wo ni, láti ibo sí ibo, fún ọjọ́ mélòó, láti ọjọ́ wo. Kó pé síbẹ̀, kí òṣìṣẹ́ tó ń kà á má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Ìkejì, ìdí pàjáwìrì tá a ti sọ. Lẹ́yìn náà ni ìlérí, ìlérí yìí ló ń ṣí ọ̀nà: pé ẹ ò ní da ìgbì ẹnikẹ́ni láàmú, pé ẹ ò ní bẹ̀bẹ̀ ààbò tí ìgbì ẹlòmíì bá da tiyín láàmú, pé lójú ẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá ké ẹ máa pa á, àti pé ewu gbogbo ẹ̀ wà lọ́rùn yín. Ẹ fi nọ́ńbà ẹni tó ń jí ní gbogbo wákàtí sí i. Ẹ ṣàlàyé pàǹtírí àti ìkọlura, ta ló ń bá yín ṣọ́ ọ̀nà. Kẹ́ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tí kò mọ nǹkankan nípa ẹ̀ kà á, tí kò bá lè sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan náà pé ibo ló ń lọ àti kí nìdí, ẹ tún un kọ.

Bẹ́ẹ ṣe máa fi ránṣẹ́

Ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ní CORES, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ FCC, kẹ́ẹ lè gba nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní FRN. Ẹ wá wọ ICFS, ìkànnì tí wọ́n ń fi irú ìwé yìí ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ ni Fọ́ọ̀mù 312 wà, ẹ kún un, ẹ so lẹ́tà àti àwòrán ẹ̀ mọ́ ọn, ẹ sanwó. Ọ́fíìsì tó ń rí sí i lónìí ni Space Bureau, April 2023 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Fáìlì yín á gba nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SAT-STA, ọjọ́ tẹ́ẹ fi sílẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́, irú nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ẹ máa wá, kẹ́ẹ ka bíi mẹ́wàá, èyí tí wọ́n gbà àti èyí tí wọ́n dá padà.

Ní ti ọjọ́, òfin ní ó kéré tán, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà yẹn. Tẹ́ẹ bá ti mọ̀, ẹ ti fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Tí wọ́n bá polongo ẹ̀ fáráyé gbọ́, àṣẹ ọ̀hún lè tó ọjọ́ 180. Tí wọn ò bá polongo ẹ̀ àmọ́ tẹ́ẹ ń bọ̀ wá tọrọ àṣẹ pípẹ́, 60 ni, tẹ́ẹ ò bá dẹ̀ ní tọrọ àṣẹ pípẹ́, 30 péré.

Tẹ́ẹ bá ti fi ránṣẹ́ tán, ẹ má lọ sùn. Wọ́n á fi ìméèlì béèrè nǹkan, àwọn aládùúgbò náà lè kọ̀wé takò yín, ẹ fèsì pẹ̀lú nọ́ńbà, ẹ má fi ìbínú fèsì. Tí àṣẹ bá jáde, ẹ ka gbogbo àdéhùn tó wà nínú ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan epo. Tí àkókò bá fẹ́ pé tíṣẹ́ ò tíì parí, ẹ tọrọ àfikún, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta kó tó pé, tó bá dẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni sátẹ́láìtì máa gbé lọ títí, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwé láti tún láìsẹ́ǹsì ẹ̀ ṣe.

Nílé níbí, NCC lẹ máa lọ bá lórí frequency sátẹ́láìtì, NBC lórí ilé iṣẹ́ tó ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́. NigComSat-1R tiwa tí wọ́n gbé lọ ní December 2011, 42.5 ìlà oòrùn ló wà.

Ohun kan tó kù, àwa tá a wà nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n Eutelsat 36D lọ ní March 2024 láti rọ́pò 36B, mi ò gun òrùlé kankan ní Àkúrẹ́ torí ẹ̀, àyè kan náà, 36 ìlà oòrùn, ló lọ. Tí àyè tiyín bá máa yàtọ̀, gbogbo díìṣì ìlú ló máa yí. Ọjọ́ tí àṣẹ bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ránṣẹ́ sáwọn oníṣẹ́ díìṣì, kẹ́ẹ sọ ọjọ́ àti digíríì fún wọn, torí èmi pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì, tí òjò ò bá rọ̀, díìṣì mẹ́jọ la lè yí lójúmọ́.