Gàrí ni bíríkì yín máa dà: àṣìṣe àwọn tó ń fi zirconia mọ ìléru

Ọmọkùnrin kan gbé bíríkì mẹ́fà wá bá mi ní Òkè-Baálẹ̀, nínú ọ̀rá. Zirconia ni wọ́n fi ṣe wọ́n, èròjà funfun líle tí ooru kì í tètè yọ́. Wọ́n ti di gàrí. Ó ní, "Ọ̀gá, zirconia gidi ni o, iná mànàmáná ni wọ́n fi yọ́ ọ." Mo ní mo rí i.

1. Ríra zirconia pọ́ńbélé. Ẹni tó ń tà á á ní kì í yọ́ títí ooru á fi dé nǹkan bí 2,700°C. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló ń bẹ̀rù yíyọ́? Líla ni ká bẹ̀rù. Tó bá gbóná dé nǹkan bí 1,170°C, bí ara rẹ̀ ṣe tò á yí padà, á sún kì. Tó bá ń tutù bọ̀, á tún wú, bí ìdá 4 sí 5 nínú 100. Búrẹ́dì ló ń wú tí kì í là. Iná mànàmáná tí wọ́n fi yọ́ ọ ò wo àrùn yìí sàn. Èròjà bíi calcium oxide, magnesia tàbí yttria ló ń dè é kí ara rẹ̀ má yí padà mọ́, nígbà tó ṣì ń yọ́ ni kí wọ́n ti fi sí i. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó!

Èmi náà jìyà ẹ̀. Mo fi mọ ògiri ìléru mi àkọ́kọ́, mo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá wò ó, mo tún ra mọ́ọ̀tì fún wọn. Lóru tó ń tutù, ó ń dún pà, pà. Ìyàwó mi ní eku ni. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Tèmi gbóná, ó sì là.

2. Dídè é pátápátá. Èyí tí wọ́n dè tán máa ń fẹ̀ jù nínú ooru, òjijì ooru á sì là á. Èyí tí wọ́n dè lápá kan ló ń fara dà á.

3. Lílọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́. Ẹ jẹ́ kí horo ńláńlá wà nínú ẹ̀, àwọn ló ń dá líla dúró. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ti mọ èyí tipẹ́: wọ́n ń gún àpáàdì mọ́ amọ̀.

Bíríkì tí kò tíì gbẹ, ẹ má tanná sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ra yanrìn zircon (inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ zirconia) tó wá láti ibi ìwakùsà tánganran ní Jos, monazite, yanrìn míì tó bá wà nínú ẹ̀, ní thorium, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde. Ẹ má fa eruku ẹ̀ símú.

Ẹni tó ń yọ́ alumíníọ̀mù ńkọ́? 660°C! Bíríkì amọ̀ lásán tó o. Kí lẹ ń fowó ṣòfò sí?

Mo ní kí ọmọ yẹn fi gàrí rẹ̀ sílẹ̀, pé tá a bá bu díẹ̀ sínú bíríkì alumina, èròjà míì tó ń fara da ooru, á tún wúlò. Ó kọ̀. Ó ní òun ń lọ gbowó òun.