Bí Mo Ṣe Tún Pálọ̀ Wa Ṣe Nítorí Fọ́tò Ìdílé

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń tún pálọ̀ ṣe máa ń ra àga ná kí wọ́n tó ronú ibi tí fọ́tò máa wà. Fọ́tò lèmi fi ṣáájú. Màmá mi ti dàgbà, álúbọ́ọ̀mù wọn sì ti wúwo jù fún wọn láti máa gbé kalẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, kí àwọn èèyàn wọn máa kọjá níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lójú férémù díjítà, ìyẹn férémù oníná tó ń pààrọ̀ fọ́tò fúnra rẹ̀.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ni mo kọ́kọ́ wò. Ògiri tó kọjú sí fèrèsé la ń gbé fọ́tò kọ́ tẹ́lẹ̀, oòrùn sì ti mú kí àwọn aláwọ̀ ṣá. Ti bàbá àgbà, tó jẹ́ dúdú àti funfun, ṣì mọ́ kedere. Fàdákà wẹ́wẹ́ ló gbé irú àwòrán yẹn dúró lórí bébà; aró ni ti aláwọ̀, ìmọ́lẹ̀ a sì máa ba aró jẹ́. Mo ra kọ́tìnnì tó nípọn ní Gbági, mo sì fi ògiri tí fèrèsé wà lára rẹ̀ ṣe àyè tuntun, kí ìmọ́lẹ̀ má baà máa kọ mànà lójú gíláàsì.

Káfínńtà kan ní Bódìjà fi pákó ọ̀gànwó ṣe pẹpẹ gígùn kan fún mi. Mo ní kó dá ihò sẹ́yìn rẹ̀ fún wáyà, kó sì jẹ́ kí ó ṣe déédéé ojú Màmá tí wọ́n bá jókòó. Àga onítìmùtìmù àti kápẹ́ẹ̀tì ò gbà mí lákòókò: àwọ̀ ilẹ̀ ni mo yàn fún gbogbo wọn.

Síkáànà, ẹ̀rọ tó ń sọ fọ́tò orí bébà di ti díjítà kí férémù lè gbé e jáde, ló gba sùúrù. Àwọn fọ́tò kan ti lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù álúbọ́ọ̀mù. Ẹ má fà wọ́n o! Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń nu àárín eyín ni mo rọra ki bọ abẹ́ wọn. Mo nu eruku wọn, mo síkáànì iwájú, mo sì tún síkáànì ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àti ọdún sí. Àmì 600 sí íǹṣì kan ni mo lò, ìyẹn àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán. Fọ́tò tó jẹ́ íǹṣì 4 sí 6 á wá ní àmì tó lé ní mílíọ̀nù 8. Ẹ wò ó, kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́ tí ẹnjiníà Steven Sasson ṣe ní iléeṣẹ́ Kodak lọ́dún 1975, àmì 10,000 péré ni àwòrán rẹ̀ ní, ìṣẹ́jú àáyá 23 ló sì ń gbà kí ọ̀kan tó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn gan-an pé ojú mi rí ìgbà yìí!

Férémù díjítà oní-íǹṣì 10 ló wà lórí pẹpẹ báyìí. Ó ń gba fọ́tò láti orí fóònù, nítorí náà tí àbúrò mi ní Houston bá ya ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, Màmá á rí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Fọ́tò tó dúró lóòró máa ń fi àyè dúdú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Àwọn tó fẹ̀ ni mo kó síbẹ̀ jù. Iná rẹ̀ ò pọ̀, ínfátà wa ń gbé e nígbà tí wọ́n bá múná lọ.

Mo kó gbogbo ẹ̀dà náà sórí háàdì dísíìkì kan, mo sì tún fi òmíràn pa mọ́ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Négátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi fọ àwọn fọ́tò àtijọ́, ló kù. Wọ́n nílò síkáànà tí iná wà nínú ìdérí rẹ̀, ìyẹn ni mo sì ń tọ́jú owó sí báyìí.