Bí Ìlú Ṣe Lè Fọwọ́sowọ́pọ̀ Dáàbò Bo Ibi Ìṣẹ̀ǹbáyé: Àpẹẹrẹ Igbó Ọ̀ṣun

Ìlú tó bá fẹ́ dáàbò bo ibi ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gba ọ́fíìsì ìjọba lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bọ ibẹ̀, tó ń gbálẹ̀ rẹ̀, tó sì mọ èèwọ̀ rẹ̀, ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé nǹkan bíi hẹ́kítà 75 igbó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́bàá ìlú tó ti kún fọ́fọ́, ọwọ́ tó sì dì í mú pọ̀ ju ọ̀kan lọ.

Ẹ pe àwọn abọrẹ̀, àwọn ọdẹ àti àwọn ìdílé onílẹ̀ jọ, kí ẹ sì kọ èèwọ̀ ibẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, a kì í dọdẹ, a kì í pẹja, a kì í gé igi. Èèwọ̀ yìí ti ń múlẹ̀ kí òfin ìjọba tó dé, irú rẹ̀ ló sì yẹ kó jẹ́ ìpìlẹ̀ àdéhùn yòówù tí ẹ bá máa kọ. Lẹ́yìn náà, kí gbogbo yín bá awọnlẹ̀ rìn yí ààlà ká, torí pé ààlà tí kò sí lórí ìwé ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Ẹ wá pín iṣẹ́ bí àṣẹ oníkálukú bá ṣe rí. Ní Òṣogbo, Àtáọ́ja ló ni ìlú, Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò Ọ̀ṣun ló ni ètò ìbọ, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí sì ni òfin gbé ìtọ́jú ibẹ̀ lé lọ́wọ́. Ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni igbó náà láti 1965. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ ajogúnbá àgbáyé ní 2005.

Ẹ má fojú kéré oníṣẹ́ ọwọ́ o. Nígbà tí ojúbọ ń wó, tí àwọn kan sì ti ń fojú ilẹ̀ títà wo igbó náà, Susanne Wenger, ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn bíi Adébísí Àkànjí, tó jẹ́ bíríkìlà, àti Kàsálì Àkàngbé, tó jẹ́ agbẹ́gilére, ló bá a tún ojúbọ kọ́, tí wọ́n sì jọ mọ ère ńláńlá síbẹ̀. Àdùnní kú ní 2009, ṣùgbọ́n òjò kò yé rọ̀: omi máa ń wọ inú sìmẹ́ǹtì, irin inú rẹ̀ á dípẹtà, á wú, ère á sì sán. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ oníṣẹ́ ọwọ́, ọmọ iṣẹ́ wọn àti owó iṣẹ́ wọn sínú àdéhùn; lójú tèmi, èyí ṣe pàtàkì ju pátákó ìkíni-káàbọ̀ lọ.

Ìta ààlà ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣàn wá, àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò sì ti da omi náà rú débi tí ó pọ́n bí ẹrẹ̀, ọgbà tí a sì ṣe yí igbó ká ní Òṣogbo kò lè dá omi dúró. Ẹ wá aṣojú àwọn ìlú òkè odò àti òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká àti ìwakùsà, kí wọ́n ní ìjókòó tiwọn nínú ìgbìmọ̀ tí ẹ bá gbé kalẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kì í ṣe ìgbà tí omi bá ti bàjẹ́ tán. Ìpàdé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lè tó: ọ̀kan ṣáájú ọdún Ọ̀ṣun tó ń wáyé ní oṣù Ògún, nítorí èrò tó ń ya wọlé, èkejì nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, kí ẹ lè mú fọ́tò èṣí lọ́wọ́, kí ẹ sì jọ yẹ ère kọ̀ọ̀kan wò.