Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé ẹ̀rù ìwọlé ilé ìwé ń ba ọmọ yín

Aránṣọ ni mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nílẹ̀ Benin, lápá Ouando. Láti ìparí oṣù kẹjọ làwọn òbí ti máa ń kó ọmọ wá kí n wọn aṣọ kákí fún wọn, torí àárín oṣù kẹsàn-án ni ìwọlé máa ń bọ́ sí. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n tọmọdé, èjìká ni mo ti máa ń rí i. Ọmọ tọ́kàn rẹ̀ balẹ̀ á dúró gbẹdẹmukẹ, á máa wo ìta. Èyí tẹ́rù ń bà á gbé èjìká sókè súnmọ́ etí. Bí mo bá ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á sọ̀ ọ́. Kí n tó kọ ìwọ̀n sílẹ̀, ó ti tún gbé e sókè. Á wá bi mí pé, “Ìyá, ọjọ́ wo laṣọ mi máa yọrí?” Bí mo bá ní ó lè pẹ́ díẹ̀, ńṣe lara á tù ú.

Nílé, inú rírun àti orí fífọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú. Ẹ má pe ọmọ ní onírọ́. Inú ń run ún lóòótọ́. Ẹ sáà máa ṣọ́ àkókò rẹ̀: bó bá ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé, tó sì ń lọ ní Sátidé, ẹ fura. Àmọ́ òjò kejì ọdún ń rọ̀ lásìkò yìí, ẹ̀fọn sì pọ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Ẹ tún wo oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, àti ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé tó tún wá bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tó ń wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yàtọ̀. Yorùbá tàbí Gùn ló ń sọ nílé. Faransé ló máa bá ní kíláàsì. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àyè lọ tọ̀, á wá máa pa á mọ́ra títí ago méjìlá. Ẹ kọ́ ọ ní “Je peux sortir?” (“Ṣé mo lè jáde?”) kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ mú un dé ilé ìwé ọ̀hún, ẹ fi ilé ìtọ̀ àti ibi tí yóò ti máa dúró dè yín hàn án. Gbólóhùn kan yẹn ń ṣe ju ẹ̀bùn lọ.

Ẹni tó gba CEP, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó ń lọ sí sixième, kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama, olùkọ́ kan ló mọ̀ ní CM2 tó fi parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Níbi tó ń lọ, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní olùkọ́ tirẹ̀. Ọmọ ọjọ́ orí yìí kì í sunkún. Á máa kanra, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á ní “Kò sí nǹkan.” Ẹ má bi í pé ṣé ẹ̀rù ń bà á, kò ní gbà. Bí ẹ bá jọ ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ bi í pé ta ló fẹ́ jókòó tì, kí ló fẹ́ máa ṣe nígbà ìsinmi. Ibi tí ìdáhùn bá ti há, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ dúró sí.

Ẹ má fi í sílé nítorí ẹ̀rù lásán. Ọjọ́ kan tó bá jókòó sílé, ti kejì á tún le sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wádìí ná. Ọmọbìnrin kan ní cinquième, kíláàsì kejì ní girama, bẹ̀ mí kí n dá aṣọ rẹ̀ gbòòrò gbòòrò, kó má fún un láyà rárá. Mo pe ìyá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Olùkọ́ kan ló ń fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀, ọmọ ló jàre. Òfin ilẹ̀ Benin 2021-11 tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2021 fìyà lé irú ìwà yẹn, kẹ́ ẹ má bo ẹnikẹ́ni láṣìírí.

Ẹ̀rù ìwọlé lásán máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bó bá ti ń lọ sí oṣù kan, tọ́mọ ò sùn, tí kò jẹun, tó kọ̀ jálẹ̀ láti lọ, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá sì sọ pé òun kò fẹ́ wà láyé mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.