Bí a ṣe ń gbin igi tíìkì pọ̀ mọ́ oúnjẹ lóko ní gúúsù Kwara

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin àgbàdo, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n bó bá ri igi tó máa lo ogún ọdún mọ́lẹ̀, onílẹ̀ á ní ó fẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Ní Ọ̀fà ni o, ní Òmù-Àrán ni o, ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí fọwọ́ sí ìwé tó sọ ẹni tó ni igi àti bí ẹ ṣe máa pín owó rẹ̀. Àdéhùn ẹnu kò tó: ẹni tí ẹ bá ṣe é lè má sí láyé mọ́ nígbà tí igi bá gbó.

Tíìkì, igi tí a ń gbìn fún pákó àti òpó, fẹ́ oòrùn, kò fẹ́ akúrò. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹfà, ẹ gbìn ín ní mítà 3 sí mítà 3, láàárín ìlà àti láàárín igi kan sí èkejì. Hẹ́kítà kan á gba nǹkan bí igi 1,100. Bí ẹ bá fẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ níbẹ̀, ẹ fi mítà 5 sáàárín ìlà.

Àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀pà bá a mu. Ebè iṣu gbọ́dọ̀ fi tó mítà kan jìnnà sí igi, kí ìtàkùn má baà gùn ún. Ẹ̀gẹ́ ni èmi ò fẹ́ lọ́dún kìíní. Ó máa ń ṣíji bo ọmọ igi, wíwú rẹ̀ kúrò nílẹ̀ sì ń já gbòǹgbò igi. Ibi tí èrè wà gan-an nìyí: ọkọ́ tí ẹ fi ro oúnjẹ ló ń ro igi, oúnjẹ ló sì ń san owó alágbàṣe.

Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, ewé á pàdé lókè, oúnjẹ ò ní ṣe dáadáa mọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ń pa oko tì, tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ń wọlé. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro ẹ̀gbẹ́ oko yíká, kó fẹ̀ tó mítà 5. Màlúù kì í fẹ́ ewé tíìkì bí ewé gmẹlínà, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn ń ṣẹ́ ọmọ igi.

Nígbà tí igi bá ń fún ara wọn mọ́, ẹ gé èyí tó wọ́ àti èyí tó tín-ín-rín, kí ẹ tà á fún àwọn tó ń kọ́lé. Èyí tó tọ́ ló máa di òpó iná tàbí pákó. Ẹ má ta oko lódindi fún oníṣòwò pákó láìkà á: ẹ fi téèpù wọn igi níbi tó bá yín láyà, ẹ béèrè owó lọ́wọ́ ju ẹnì kan lọ, kí ẹ sì gbàwé àṣẹ ìjọba kí ẹ tó gé e. Ẹ má hú kùkùté. Ó máa ń hù padà. Ọ̀mùnú kan tó tọ́ ni kí ẹ fi sílẹ̀.