Bí mo ṣe gbé òpó tó pẹ̀ka ró sí bàráńdà n'Íbàdàn

Òpó méjì péré ló gbé iwájú bàráńdà ẹsẹ̀ bàtà 16 yìí ró, torí mo jẹ́ kí wọ́n pẹ̀ka bí igi. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ 4, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 45. Ẹsẹ̀ 8 ló wà láàárín òpó méjèèjì, àmọ́ ibi tí igi ìdábùú ti ń dá ara rẹ̀ gbé níbẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ 2 àti íǹṣì 4 lọ.

Pákó apá ni mo rà lọ́jà pákó Bódìjà: 2×6 méje, 2×4 méjì, gbogbo wọn jẹ́ ẹsẹ̀ 12. Èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun, mi ò gbà á. Ibẹ̀ ni kòkòrò ń kọ́kọ́ lu. Mi ò ra 6×6 odindi, torí inú rẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀, tó bá sì wá ń gbẹ lára ilé, á là. Mo kun orí àti ìdí pákó lọ́dà, torí ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde jù, mo wá tò wọ́n sábẹ́ ibòòji pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, láti oṣù kọkànlá títí ọyẹ́ fi lọ. Mò ń wọn ẹyọ kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí ìwúwo rẹ̀ ò dín mọ́ ni mo tó mú ayùn.

Pákó mẹ́ta ló para pọ̀ di òpó kan. Méjì ẹ̀gbẹ́ jẹ́ ẹsẹ̀ 9. Ti àárín mọ sí ẹsẹ̀ 5 àti íǹṣì 8. Inú àlàfo tó kù lókè ni ẹ̀ka méjèèjì ti yọ. Ìdí ẹ̀ka yìí gan-an niṣẹ́ wà. Mo gé e ṣóńṣó: ojú kan jókòó lórí pákó àárín, ojú kejì fẹ̀yìn ti ẹ̀ka ìkejì. Mo fi èédú pa pákó àárín lára, mo ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́, mo yọ ọ́. Ibi tó bá dúdú ni mo ń fá, títí gbogbo ojú rẹ̀ fi dúdú dọ́gba. Bí àlàfo bá ṣẹ́ kù, bóòtù ni gbogbo ẹrù máa gùn, bóòtù á sì la igi. Bóòtù 12mm ni mo lò, mo fi íǹṣì mẹ́ta ààbọ̀ sílẹ̀ láti ṣóńṣó ẹ̀ka. Eruku apá ń múni sín o, ẹ bo imú.

Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ kí ẹ̀ka tẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fi ayùn gé ẹ̀ka tó tẹ̀ láti ara pákó gbọọrọ, ẹ ti gé iṣan igi, ibẹ̀ ló máa dá. Igi inú igbó, tòun tiṣan rẹ̀ ló jọ ń tẹ̀.

Ìdí òpó ò kan kọnkéré: bàtà irin gbé e sókè ní íǹṣì 4, mo lu ihò sí i kómi má dúró. Bí ikán bá fẹ́ gùn ún, orí irin ló máa kọ́kọ́ mọ ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ sí, ojú á sì tó o. Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, mo tún gbogbo bóòtù fún, torí díẹ̀ ti dẹ̀ nínú wọn.